Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

"Rọra dà á, má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá a wọnú páìpù," ni Jìbírílù ń wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe mẹkáníìkì ní Sángo, kò sì tíì rí oníbàárà mìíràn tó máa ń dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ bí ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun ló ń dà sínú Kòrólà Jìbírílù ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ti tẹ́lẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n Jìbírílù gbà pé bí ọdún méjì bá ti pé, ó bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Kì í jí kó kàn ṣíná sí ọkọ̀ kó máa sáré lọ. Yóò kọ́kọ́ wo omi kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, yóò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, yóò nù ún, yóò tì í bọ̀ ọ́ padà, yóò tún fà á yọ wò. Kì í jẹ́ kí epo gbẹ dé ìsàlẹ̀ táńkì, nítorí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ni ẹ́ńjìnì yóò máa fà mu. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Kòrólà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnì tó bá dé láti òkè òkun ló ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà a máa gbé ọkọ̀ tiwọn wá kó bá wọn gbọ́ bó ṣe ń dún, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kí wọ́n lọ rí mẹkáníìkì.

Nítorí Kòrólà yìí ló ṣe tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò ní Ọ̀tà, ọdún kọkànlá sì rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá Akíndé ni, ẹni tó ń ṣe àkóso àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá Àpọ́nlé ni wọ́n ń pe Jìbírílù níbi iṣẹ́.

"Bàbá Àpọ́nlé, bọ́ọ̀sì ti dànù."

"Ta ló kú, sà?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ máa bọ̀."

Ọ̀gá Akíndé ṣàlàyé ìyókù ní kánmọ́kánmọ́. Cornelius ló wa bọ́ọ̀sì náà láàárọ̀, ọkùnrin tó ń wa fọ́kílífì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, tí wọ́n máa ń ní kó bá wọn wa bọ́ọ̀sì bí Jìbírílù kò bá sí. Nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kí wọ́n tó dé Ìyànà Ìyẹ̀sí, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Àwọn èèyàn ń sọdá títì níwájú. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sápá ọ̀tún, ó darí rẹ̀ sínú òkìtì yanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, bọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn bó lára, àwọn mìíràn forí gbá. Ruqoyah, ọmọ Àdìzát tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Àtàn, ni àga há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ síbi méjì.

Múdàṣírù bi í pé kí ló dé, ó sọ ọ́ fún un bí ó ṣe gbọ́ ọ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ju ohun tó gbọ́ lọ, kò sì sọ ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni bíréèkì bọ́ọ̀sì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò rì wọlẹ̀ bí ẹní tẹ búrẹ́dì tó ti rẹ sínú tíì. Bí ó bá yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, yóò le, yóò sì mú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, àyà Jìbírílù já. Ó ní Sátidé lòun yóò ṣí i wò. Sátidé dé, ó kọjá. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé orí rẹ̀ rán an níṣẹ́. Ohun tí èèyàn bá ti mọ bí a ṣe ń bá a yí, a kì í pẹ́ gbàgbé pé ó bàjẹ́.

Ìwé kan sì wà. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, inú bọ́ọ̀sì ló ń gbé. Láràárọ̀ ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ wo omi, ọ́ìlì, bíréèkì, táyà àti iná, kó fi àmì sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá buwọ́ lùwé nísàlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, Jìbírílù ń ṣe é bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ló di pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń kúrò nílé, tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń kán an lójú, tí ojú ọ̀nà Àtàn sì rí bó ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì síwèé láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, Mọ́ńdè ló ń fi àmì sí ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíírò kan, ìjókòó kan, ó parí. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ewúrẹ́ tí a bá jọ ni, ebi ní í pa á kú. Bọ́ọ̀sì kì í ṣe tirẹ̀. Kòrólà ni tirẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni ti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ, nígbà tó ń fa kọ́kọ́rọ́ lé Cornelius lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀: bí o bá fẹ́ dúró, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, Cornelius lè lọ bi Ọ̀gá Akíndé pé ṣé bọ́ọ̀sì yìí dáa ṣá, Ọ̀gá Akíndé yóò sì ṣí ìwé, yóò bi òun pé bíréèkì wo ni òun ń fi àmì sí lójoojúmọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní kí Cornelius má gbàgbé láti kọ́kọ́ gbé àwọn ará Àtàn.

*

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ti to egungun ẹsẹ̀ Ruqoyah, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun dì í láti kókósẹ̀ dé itan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ẹrù ló ń ṣiṣẹ́, òun sì ni Jìbírílù máa ń kọ́kọ́ gbé láràárọ̀, nítorí àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ruqoyah la ojú, ó rí i. "Bàbá Dírẹ́bà," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, "ká ní ẹ̀yin lẹ wà á ni, èyí ò ní ṣẹlẹ̀."

Àdìzát fara mọ́ ọn. Ó ní ohun tí gbogbo àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń sọ nìyẹn, pé ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà ni wọ́n gbé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Jìbírílù pé ó tètè wá. Jìbírílù dúró síbẹ̀, ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ jáde nínú sìmẹ́ńtì, ó sì ní Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Kò dúró pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Múdàṣírù pè é. Ilé-iṣẹ́ ti ní kí Múdàṣírù wá yẹ bọ́ọ̀sì náà wò, nítorí òun ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ wọn fún. Kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Jìbírílù lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Sángo, Múdàṣírù sì mú un lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó àwọn ògbólógbòó táyà sí.

"Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí wíìlì ẹ̀yìn ló ń jò," Múdàṣírù ní. "Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Eruku ti mu ọ́ìlì, ó ti dì mọ́ wíìlì bí àkàṣù. Ó tó oṣù méjì. Inú agolo ọ́ìlì bíréèkì gbẹ."

Jìbírílù jókòó lé táyà kan.

"Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré á ti rí i." Múdàṣírù wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nílé kéú ni wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. "Jìbí, ìwọ tí o máa ń jẹ́ kí n pààrọ̀ ohun tí kò tíì bàjẹ́."

"Mo mọ̀."

Múdàṣírù fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní òun ti ronú sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà ṣubú, páìpù yẹn gé pátápátá. Òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé páìpù já, àti pé kò ṣeé mọ̀ bóyá kí ọkọ̀ tó dànù ni tàbí ìgbà tó ń dànù. Kì í ṣe irọ́ tán, kì í ṣe òótọ́ tán. Jìbírílù ní kí ni wọn yóò wá ṣe fún Cornelius. Múdàṣírù ní bóyá wọn yóò dá a dúró níbi iṣẹ́, bóyá wọn yóò kàn gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Ó ṣì lágbára, ó lè ríṣẹ́ mìíràn. Ta ni yóò gba Jìbírílù síṣẹ́ lọ́mọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, bí ọ̀rọ̀ jíjò yìí bá dé etí ọlọ́pàá?

Jìbírílù ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń padà sílé, gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì Kòrólà, bíréèkì náà ń mú ní ẹ̀ẹ̀kan, ó le, ó dán mọ́rán. Ó ń mú inú rẹ̀ bàjẹ́.

*

Cornelius wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, tòun ti kóòtù tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jìbírílù ti wà níta láti aago mẹ́wàá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Kòrólà, ó gbé géejì tó fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà lọ́wọ́, kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kàfáyá, ìyàwó rẹ̀, gbé àga jáde fún àlejò, ó bu omi fún un, ó sì wọlé.

Ojú Cornelius wú. Láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kí pásítọ̀ rẹ̀ tó wá dúró fún un. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, ilé-iṣẹ́ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ gbogbo èyí wéréwéré, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣe ohun tó gbé e wá nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ bọ́ọ̀sì yẹn," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo tẹ bíréèkì, ó lọ sílẹ̀. Mo rí àwọn tó ń sọdá, mo yí i sínú yanrìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n ṣe tí n kò ṣe?"

Jìbírílù wo ilẹ̀. Àwọn èèrà tẹ̀lé ara wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ọkọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Kádàrá ni."

Cornelius mi orí. Ó gbà á, bí ẹni tí dókítà sọ fún pé kò sí oògùn. "Fọ́kílífì ni mo mọ̀ ọ́n wà. Mi ò bá má gbà nígbà tí wọ́n ní kí n wà á. Ọmọbìnrin tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti di ojú, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mi ò tíì sùn."

Ó dìde, ó dúpẹ́, ó dá kọ́ọ̀pù padà sórí àwo pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ó ti ń jáde ní géètì, ó dúró, ó fi ọwọ́ gbá ògiri mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa lọ.

Kàfáyá ti rí i láti ojú fèrèsé. Ó jáde wá kó àga. "Bàbá Al-Ameen, ọkùnrin yẹn ń sunkún lẹ́nu géètì wa."

"Mo rí i."

"Bí ẹ bá mọ ohunkóhun tó lè ràn án lọ́wọ́, ẹ bá a sọ ọ́."

Jìbírílù kanra mọ́ ọn. Ó ní ṣé òun lòun da bọ́ọ̀sì nù ni? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kàfáyá àti ọkọ rẹ̀ ti jọ ń gbé, kò sì wọ́pọ̀ kó kanra mọ́ ọn nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ní egungun. Kàfáyá dúró wò ó, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó sì gbé àga wọlé. Oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe gbé e fún un ló ṣe kó o kúrò.

*

Yàrá ìpàdé ilé-iṣẹ́ náà tutù nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀gá Akíndé jókòó síbi orí tábìlì, obìnrin kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ wà lápá kejì. Cornelius dá jókòó. Jìbírílù àti Múdàṣírù jókòó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Múdàṣírù ka ohun tó kọ. Páìpù já. Kò ṣeé mọ̀ ìgbà tó já. Ọ̀gá Akíndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Jìbírílù bóyá ó ṣàkíyèsí àléébù kankan títí di Ọjọ́bọ, Jìbírílù sì ní rárá, sà. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ti rò pé yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Akíndé wá ṣí ìwé àyẹ̀wò, ó sì kọjú sí Cornelius. Ó bi í bóyá ó yẹ bọ́ọ̀sì náà wò kó tó gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

"Mo wo táyà, sà. Mo wo epo. Mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó fi ìwé hàn mí."

"Kò sẹ́ni tó fi ìwé hàn yín?" Ọ̀gá Akíndé yí ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ìka sí i. "Ọjọ́ Jímọ̀ rèé. Omi, ó wà. Ọ́ìlì, ó wà. Bíréèkì, ó wà. Àmì wà níwájú gbogbo wọn. Bàbá Àpọ́nlé kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló fi àmì síbí?"

Jìbírílù na ọrùn wo ìwé náà. Kò rántí. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà tó ti ń kó ọkàn sókè, kò rántí lẹ́ẹ̀kan pé ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti fi àmì sí ti ọjọ́ Jímọ̀.

Cornelius tẹ̀ síwájú, ó ń wo ojú ìwé náà.

"Ẹ fi àmì síwèé pé ẹ wo bíréèkì, ẹ ò sì wò ó," Ọ̀gá Akíndé ní, ohùn rẹ̀ kò ga. "Àbí ẹ ń purọ́ pé ẹ ò rí ìwé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni."

"Mi ò rántí, sà," ni Cornelius wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Láti ọjọ́ náà, orí mi ò pé mọ́. Bóyá èmi ni mo ṣe é. Tó bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé èmi ni."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni," ni Jìbírílù wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti dìde dúró. Múdàṣírù fi orúnkún kàn án lẹ́sẹ̀, kò jókòó.

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lórúkọ, màmá. Èmi ni mo fi àmì síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo ti fi sí gbogbo rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka tọ́ka sí ìwé náà. "Bíréèkì yẹn ti ń rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní mú. Lẹ́ẹ̀mejì lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀. Mo fún Cornelius ní kọ́kọ́rọ́, mi ò sọ fún un. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa bi mí léèrè."

Ọ̀gá Akíndé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá Àpọ́nlé. Ẹ̀yin tí gbogbo wa ń wá bá nítorí ọkọ̀ wa?"

"Ọkọ̀ tèmi, ojú ni mo fi ń wò ó, sà. Bọ́ọ̀sì yín, bíírò ni mo fi ń wò ó."

Ọ̀gá Akíndé yíjú sí Múdàṣírù. Múdàṣírù ti tẹ orí ba. Ó ní òótọ́ ni, pé jíjò páìpù náà ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí òun kọ ọ́, òun yóò sì tún un kọ.

Wọn kò pariwo mọ́ Jìbírílù, wọn kò sì bú u. Wọ́n fún un ní ìwé, wọ́n ní kó kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀, ó sì kọ ojú ewé méjì, ó buwọ́ lù ú. Ọ̀gá Akíndé ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i, pé kó mọ̀ pé ìránṣẹ́ náà lè ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá. Lẹ́tà tí wọn yóò fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Cornelius padà ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń jáde.

Múdàṣírù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dúró. Cornelius ló dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Jìbírílù sún mọ́ ọn, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Cornelius na ọwọ́, ó dá a dúró, kì í ṣe tìfẹ́tìfẹ́.

"Mo wá sílé yín lánàá," ó ní. "Mo jókòó níwájú yín, mo bi yín."

"O bi mí."

"Ẹ ní kádàrá ni."

Cornelius dúró bí ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ, ó wá ṣíwọ́. Ó yí padà, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, fọ́kílífì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú lọ́hùn-ún.

*

Kàfáyá ń to ẹrù síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà nígbà tí Jìbírílù dé. Ó yà á lẹ́nu láti rí i lọ́sàn-án gangan. Jìbírílù sọ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì bu iyọ̀ sí i. Kàfáyá jókòó sórí àpótí mílíìkì. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Jìbírílù rò pé yóò bi òun ohun tí wọn yóò máa jẹ, tàbí owó ilé-ìwé Al-Ameen tó ku ọdún kan kó parí.

"Ṣé àwọn ará ilé Ruqoyah ti gbọ́?" ni ohun tó bi í.

"Rárá."

"Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lánàá. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé etí wọn láti ẹnu ẹlòmíràn, ẹ lọ."

Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun kò tíì mọ bí òun yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni. Kàfáyá dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìborùn rẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀nà tó dáa tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà máa lọ.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, kò ju òpópónà mẹ́ta lọ. Oòrùn mú. Àwọn kan kí Jìbírílù lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ní òun yóò gbé ọkọ̀ òun wá lọ́jọ́ Àìkú kó bá òun gbọ́ ọ. Ó dáhùn ìkíni, kò ṣèlérí.

Wọ́n bá Ruqoyah lórí ìjókòó gígùn ní pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí méjì, ó ń wo fóònù. Inú Àdìzát dùn láti rí wọn. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó ti ń lọ gbé omi, ó ti ń ṣàdúrà lójú ọ̀nà fún ẹni tó tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Kàfáyá jókòó. Jìbírílù kò jókòó.

"Ìyá Ruqoyah, ẹ dákun, ẹ má tíì ṣàdúrà fún mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi wá."

Ohùn rẹ̀ ló mú kí Àdìzát dúró. Ó gbé omi náà sórí tábìlì, ó wo Kàfáyá, Kàfáyá wo ilẹ̀. Ruqoyah dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí itan. Ìyá rẹ̀ fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Jìbírílù bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn.